Níbo Ló Ń Dun Ọkọ̀ Yìí? Àgbéyẹ̀wò Àtúnṣe Píkọ́ọ̀pù Fọ́ọ̀-wíìlì Àtijọ́ ní Jabi

Nọ́sù mẹ́rin ni mo rà fún Hilux mi lọ́dún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà kò nílò ìkankan nínú wọn. Dísù ló ń jẹ, ẹ́ńjìnnì 2.5 tí wọ́n kọ D-4D sí lára, ọdún 2007 ni wọ́n ṣe é. Bó bá ti gbóná dáadáa, tí mo bá dúró ní ìkòríta, ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè, á máa lọ sódò, bí ẹni tí èémí ń há mọ́ láyà, lẹ́yìn náà á kú. Lójú Obafemi Awolowo Way ní Jabi níbí, ìtòsí gáréèjì, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, tí àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń fọn fèrè lé mi lórí. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tẹ́tí sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nọ́sù ni. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ wò." A pààrọ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún kú. Mẹkáníìkì kejì ní pọ́ọ̀ǹpù ni. Mo ti ń wá owó pọ́ọ̀ǹpù kiri kí rìwáyà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní kí n jẹ́ kí òun so ẹ̀rọ òun mọ́ ọn ná. Kóòdù P1229 ló jáde. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fi ìka kan fáàfù kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ, èyí tó ń díwọ̀n dísù tó ń wọ inú pọ́ọ̀ǹpù. SCV ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é. Bóòtù méjì ló fi dúró. Ó pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ọkọ̀ náà kò sì kú mọ́ títí di òní.

Owó nọ́sù mẹ́rin yẹn, mo lè fi san owó ilé-ìwé ọmọ fún sáà kan. Síbẹ̀, mi ò sọ ìtàn yìí kí n lè bú mẹkáníìkì àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bó ṣe tú nọ́sù náà, tó sì tò ó padà, kò lábùkù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó sanwó fún un pé kó wá ibi tó ń dun ọkọ̀. Bí a ṣe ń ṣe ní Abuja, àti ní Èkó, àti ní Ìbàdàn, ni pé a ó san owó páàtì, a ó san owó iṣẹ́ ọwọ́, ó tán. Wákàtí méjì tí ọ̀gá bá fi ronú, tó fi wò ó, tó fi gbọ́ ọ, ọ̀fẹ́ là ń gbà á. Ẹni tó bá wo ọkọ̀ títí, tó wá so wáyà kan tó já, tó sì ní kí a san owó wákàtí méjì, a ó ní ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Ẹni tó bá pààrọ̀ irin ńlá kan tó ń dán, a ó sanwó fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ nǹkan. Ibẹ̀ ni mo gbà pé wàhálà píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí ń darí sí.

Kí a kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún yóò rántí pé Peugeot 504 ni píkọ́ọ̀pù nílẹ̀ yìí nígbà kan, láti ilé-iṣẹ́ PAN ní Kaduna tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975. Òun ló ń kó iṣu, òun ló ń kó kòkó, òun náà ló ń gbé òkú lọ sílé. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti 504 wa. Toyota ti ń ṣe Hilux láti 1968, ó sì sọ ọ́ di fọ́ọ̀-wíìlì ní 1979. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Chad fi píkọ́ọ̀pù lé ọkọ̀ ogun onírin Libya nínú aṣálẹ̀ ní 1987, orúkọ Toyota ni ayé fi sọ ogun náà.

Ní Abuja, ìjọba ló gbé Hilux wọ̀lú. Láti ìgbà tí olú ìlú ti kó dé síbí ní December 1991, kò sí iṣẹ́ àkànṣe tí kì í ní píkọ́ọ̀pù tirẹ̀: ti omi, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti ọ̀nà oko. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á tò wọ́n sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì, koríko á hù yí táyà wọn ká, títí ìgbìmọ̀ yóò fi wá "bọ́ọ̀dù" wọn, tí wọ́n á tà wọ́n ní gbàǹjo. Nígbà tí ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sọ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ di owó ní 2003, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Tèmi náà, ọkọ̀ bọ́ọ̀dù ni. Àìsàn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé kò ní ìtàn. Dírẹ́bà mẹ́fà lè ti wà á, kí ẹnì kankan má mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń yí inú ẹ́ńjìnnì. Ọdún méjì tó sì fi jókòó sábẹ́ igi ọ̀gànwó, eku ti jẹ wáyà rẹ̀, omi ti wọ dísù rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ní àìsàn tirẹ̀. Cotonou ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wọlé títí ìjọba fi fi òfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017. Àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà kì í rí Hilux rà níbẹ̀, nítorí Toyota ti fi Tacoma rọ́pò rẹ̀ lọ́hùn-ún láti 1995. Tacoma tó bá gbé ìlú yìnyín, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì lásìkò òtútù á máa jẹ irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, irin gígùn méjì tí gbogbo ọkọ̀ gbé lé. Ní 2016, Toyota gbà láti parí ẹjọ́ irin tó ń jẹrà yìí nílẹ̀ Amẹ́ríkà, owó tó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là, fún àwọn Tacoma ti 2005 sí 2010 àti àwọn Tundra àti Sequoia kan. Kí ẹ tó ra ọ̀kan, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré, kí ẹ kan irin náà láti orí dé ìdí. Irin tó le á dún gaan-gaan. Èyí tó ti jẹrà á dún bíi páálí. Ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í ṣe ẹwà lójú tèmi. Mo máa ń béèrè ohun tí wọ́n fi bò.

Ọkọ̀ kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ń ké, ó ń gbọ̀n, ó ń rùn, ó ń tú èéfín. Babaláwo tó dáńtọ́ kì í já ewé kó tó dáfá. Ṣé òwúrọ̀ kùtù ló ń ṣe é, àbí ìgbà tó bá gbóná? Ṣé orí òkè ni, àbí nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo? Ṣé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àbí lẹ́yìn tí ẹnì kan tú nǹkan lára rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ti gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó púpọ̀. Ní ti ariwo, ọgbọ́n kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ wa ọkọ̀ dé nǹkan bí 60 kìlómítà ní wákàtí kan níbi tí títì ti ṣófo, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀. Bí ariwo náà bá rọlẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, iwájú ni kí ẹ wá a lọ. Bó bá ń bá ìyípo táyà lọ, ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀: táyà ni, bẹ́ríǹ ni, ṣáàfù gígùn ni, tàbí dífù, ikùn irin róbótó tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé "kọ́!" kan ṣoṣo lẹ̀ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ki gíà, ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì yí ṣáàfù síwá sẹ́yìn. Oríkèé ṣáàfù tó ti jẹ á mì lójú yín. Mo ti rí ẹni tí wọ́n tú gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ nítorí oríkèé kan tí gírísì kò dé fún ọdún mẹ́ta.

Ti iná ọkọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, á ka nǹkan bí 12.6 lórí mítà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ẹ ra kíkí sítátà, ẹ ní kó kọ́kọ́ ha orí bátìrì mọ́, kó sì wo wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Ìpẹtà níbẹ̀ ti jẹ́ kí wọ́n kọ̀ǹdẹ́mù ọ̀pọ̀ kíkí sítátà tí kò ṣe nǹkan kan.

Ní ti fọ́ọ̀-wíìlì gan-an, ibẹ̀ ni ìmọ̀ ti ṣọ̀wọ́n jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀. Gíà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà ńlá ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Ní H2, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀. Ní H4, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń ṣe é. Ní L4, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni, pẹ̀lú agbára púpọ̀ àti ìrìn ìgbín, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró kí a tó wọ̀ ọ́. Agbára ń ti gíábọ́ọ̀sì bọ́ sínú àpótí gíà kejì, ṣáàfù gígùn méjì á sì pín in, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, táyà iwájú ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn píkọ́ọ̀pù àtijọ́ wọ̀nyí kò ní ohun tó lè dẹ ìyàtọ̀ yẹn láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ara á tu irin. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò síbi tí yóò yọ̀ sí, irin á máa lọ́ra wọn bí aṣọ tí a ń fún. Awakọ̀ tó bá fi H4 rin títì láti Jabi dé Gwarinpa nítorí ó rò pé ọkọ̀ á lágbára sí i, sítíárì á le mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkọ̀ á máa ta á níbi kọ́nà. Bó bá wá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí kò béèrè ibi tí gíà kékeré wà, wọ́n lè tú gbogbo ẹsẹ̀ iwájú sílẹ̀. Táyà mẹ́rin tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba náà ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí fọkanáísà fi èyí tó bá ṣáà ti rí dí àlàfo.

Ọ̀rẹ́ mi kan nílé kejì sí wa ní oko lọ́nà Kwali. Hilux rẹ̀ ti dàgbà ju tèmi lọ, ẹ́ńjìnnì 3L dísù tí kò mọ kọ̀ǹpútà. Òjò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó rì sínú ẹrẹ̀, ó ki H4, iná àwọ̀ òféèfèé tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí. Wọ́n ní àpótí gíà kejì ti bàjẹ́. Ó ra Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù òkè òkun, wọ́n fi sí i, ẹrẹ̀ tún gbà á. Ọjọ́ tí mo bá a lọ sóko, mo bẹ̀rẹ̀ síbi táyà iwájú, mo nu amọ̀ kúrò láàárín rẹ̀. Bọ́tìnì róbótó kan wà níbẹ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí, wọ́n kọ FREE sí apá kan, LOCK sí apá kejì. FREE ló wà ní ọ̀tún, FREE ló wà ní òsì. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó ti ni ọkọ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí pé bí a kò bá yí méjèèjì sí LOCK, ṣáàfù iwájú á kàn máa yí lásán ni, táyà ò ní gbà á. A yí i. Ọkọ̀ gun òkè odò bí ewúrẹ́. Àpótí gíà àkọ́kọ́, tí kò ní àbùkù kankan, ti dé ọ̀dọ̀ àwọn onírin àjákù nígbà yẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Hilux tó tẹ̀lé e kò ní bọ́tìnì lára táyà mọ́. Nǹkan kan nínú dífù iwájú ló ń so ṣáàfù pọ̀ fúnra rẹ̀. Lára àwọn kan, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń ti í, lára àwọn mìíràn, mọ́tò kékeré ni. Bí iná fọ́ọ̀-wíìlì bá ń ṣẹ́jú láìdúró, ohun tó ń sọ ni pé a pàṣẹ, àmọ́ iwájú kò tíì jẹ́. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tó ya, wáyà tó já, swíìṣì tó ti dípẹtà lára dífù: mẹ́ta yìí ni kí a wò kí a tó ṣí irin kankan. Àìlò ló sì ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé Toyota sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé kó máa wa ọkọ̀ ní fọ́ọ̀-wíìlì fún kìlómítà 16 ó kéré tán lóṣooṣù, kí ọ́ìlì lè kan gbogbo irin iwájú. Mélòó nínú wa ló ń ṣe é? A ó gbàgbé rẹ̀ títí òjò á fi dé, a ó sì retí kó jẹ́ wa lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ́ìlì dífù náà, ẹ máa yọ ọ́ wò. Dífù tó gbóná tó wá wọ omi odò máa ń fa omi mọ́ra bí ihò ìmí rẹ̀ bá ti dí, ọ́ìlì rẹ̀ á sì funfun bíi wàrà. Níbi tí ọ̀dà ti jọba bíi Jabi, a lè rò pé kò kàn wá, àmọ́ ọ̀nà oko kò jìnnà sí wa ju wákàtí kan lọ. Àṣà kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá wa fi sílẹ̀: dída ọ́ìlì 140 kan náà sínú gíábọ́ọ̀sì àti dífù. Dífù nílò èyí tí wọ́n kọ GL-5 sí. Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ ní òrùka idẹ nínú, tí àwọn èròjà inú GL-5 mìíràn lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì tó sì nípọn jù á jẹ́ kí gíà le láàárọ̀.

Gbígbóná ló ń pa píkọ́ọ̀pù jù ní Abuja, pàápàá láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, kí òjò tó rọ̀. Èrò kan sì wà tí mo ń gbọ́ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù: pé tẹ́mósítáàtì wà fún ìlú òtútù, kí a yọ ọ́ dànù. Ẹ jẹ́ kí n ta ko èyí gidigidi. Tẹ́mósítáàtì ni ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún omi nígbà tó bá gbóná dé nǹkan bí 82 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì tó ní kọ̀ǹpútà á máa rò pé òwúrọ̀ ṣì ni, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì Toyota kan, ó tún burú jùyẹn lọ: tẹ́mósítáàtì kan náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà yí padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Ẹ yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá á ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi gbígbóná á máa yípo nínú ara rẹ̀, ọkọ̀ tí ẹ ní kó tutù á wá máa hó. Bí tẹ́mósítáàtì bá bàjẹ́, ẹ ra òmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó bàjẹ́, ẹ fi sínú ìkòkò omi lórí iná, kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣí.

Fáànù ẹ́ńjìnnì tó ń fi ọ́ìlì inú rẹ̀ di ara mú náà wà níbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tí ẹ pa á, tí ẹ fi ọwọ́ yí fáànù, tó bá yí pẹ̀lú ìrọ̀rùn bí ẹni ń ṣeré, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gàn ni kí wọ́n jó o pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìgbà tí a bá ti rí i pé rédíétọ̀ mọ́, fáànù ń fa afẹ́fẹ́, tẹ́mósítáàtì ń ṣí, ìgbà yẹn ni ó tó tọ́ láti máa sọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀rọ sìkáànì ti wọ ṣọ́ọ̀bù báyìí, ìlọsíwájú gidi ni. Ṣùgbọ́n kóòdù kì í sọ ohun tí a ó rà. Ó ń sọ ibi tí kọ̀ǹpútà ti rí nǹkan tí kò bá a lára mu. Kóòdù tó ní afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ lè wá láti ara rọ́bà tó ya, fítà epo tó dí, tàbí pọ́ọ̀ǹpù tó rẹ̀. Ẹni tó bá kàn ka kóòdù náà tó ní sẹ́ńsọ̀ ni, àmúlò ẹ̀rọ ló mọ̀, kò mọ ọkọ̀. Àwọn Toyota bẹntiróòlù tó ṣáájú ojú ihò sìkáànì òde òní pàápàá ní ẹnu tiwọn. Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí a bá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so TE1 pọ̀ mọ́ E1, tí a sì ṣí kọ́kọ́rọ́, iná ẹ́ńjìnnì á máa ṣẹ́jú, a ó sì ka iye ìgbà tó ṣẹ́. Àgbà ọ̀gá kan tó kọ́ṣẹ́ ní Mushin ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó ka méjì, ó dánu dúró, ó ka ìkan, ó ní, "Mọ́kànlélógún. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀?" Ìdùnnú ojú rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Níbo la ti ń rí páàtì? Láti Jabi, Apo ni ọ̀pọ̀ ń lọ, Zuba náà wà. Nǹkan tó bá ṣọ̀wọ́n, wọ́n á pè sí Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Araromi ní Gate, Ìbàdàn, á sì bá bọ́ọ̀sì dé gáréèjì Jabi lọ́jọ́ kejì. Owó rẹ̀ ló yí padà. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Àṣìṣe tó máa ń bini nínú tẹ́lẹ̀ ti di èyí tó lè gbé ọkọ̀ dúró pátápátá. Lójú mi, Bẹ́líjíọ̀mù dára fún gíábọ́ọ̀sì, àpótí gíà, ilẹ̀kùn, dífù. Mi ò ní gbà á fún bíréèkì páàdì, bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, tàbí ohunkóhun tó jẹ́ rọ́bà, nítorí ọjọ́ orí rọ́bà kò dúró nítorí pé ọkọ̀ dúró. Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì NATA àti àjọ NADDC ti ìjọba níbí ní Abuja ń dá àwọn ọ̀gá lẹ́kọ̀ọ́ lórí ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà, ó dára bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ náà kò ní dúró lọ́wọ́ wọn bí àwa oníbàárà kò bá sanwó rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń wo ọ̀gá rẹ̀, tó rí i pé orí páàtì ni owó ti ń wá, orí páàtì ni òun náà yóò dì mọ́ lẹ́yìn fíríìdọ̀mù.

Ní ti bíréèkì, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ. Lókè ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, fáàfù kan wà tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ẹsẹ̀ náà. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ló ń mọ̀, tó sì ń pín agbára bíréèkì fún ẹ̀yìn. Bó bá bàjẹ́, wọ́n á gé e kúrò, wọ́n á so páìpù pọ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ṣófo, tí òjò rọ̀, tí ẹ tẹ bíréèkì lójijì lórí bíríìjì, táyà ẹ̀yìn á dì, ìdí ọkọ̀ á gbá síwájú. Irú èyí ló yẹ kí àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, máa wá. Ní oṣù kẹwàá 2024, ilé-ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Abuja sọ pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa dá ọkọ̀ dúró kí wọ́n sì gbà á. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń yọ̀ pé wàhálà dínkù. Ọmọ tó ń sọdá lọ sílé-ìwé kò mọ̀ pé ilé-ẹjọ́ dájọ́.

Ìgbà wo ló yẹ kí a jọ̀wọ́ ọkọ̀? Bí irin ìsàlẹ̀ bá ti jẹrà tàbí tó ti sán, ó tó. Gbogbo ohun mìíràn ṣeé rò. Ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó pa àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ rédíétọ̀ ló pa á, yóò pa èkejì náà. Àwọn kan ń yọ ṣáàfù iwájú dànù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ẹni tí kì í kúrò ní ìgboro lè ṣe é, mi ò bá a jà, àmọ́ kó tọ́jú ṣáàfù náà sílé. Lẹ́yìn tí bẹntiróòlù tó wà lábẹ́ ₦200 fò kọjá ₦500 ní Abuja ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ ló ń béèrè nípa gáàsì CNG tí ìjọba ń polówó. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù bíi 2.7 lè gbà á, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù sì ní àyè fún ìgò rẹ̀. Kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe tán ná. Gáàsì kò ní wo plọ́ọ̀gì tó kú sàn.

Èmi àti rìwáyà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti jọ ní àdéhùn báyìí: owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, ó ń ka á ní wákàtí, owó àtúnṣe lọ́tọ̀, ìwé kékeré kan sì wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ ohun tó bá rí sí. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, mo máa ń gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà eruku kan lẹ́yìn Idu, mo ki H4, mo rin kìlómítà 16. Lóṣù tó kọjá, iná náà ń ṣẹ́jú, kò dúró. Rìwáyà náà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, ó ń fi ìka tọ àwọn rọ́bà afẹ́fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ibi tí ọ̀kan ti sán, níbi tó tẹ̀ kọ́rọ́. Ó gé rọ́bà tuntun bí ìbú ọwọ́ kan, ó kì í bọ̀ ọ́. Mo ki gíà, iná dúró gbọnin. Ó ka wákàtí kan ààbọ̀ fún àyẹ̀wò, ó sọ owó rọ́bà lọ́tọ̀. Mo san méjèèjì.